Abọ́ Láfún Tí Ọ̀gá Mi Gbé Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mi

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn báyìí ni, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Tó bá fi lè jí, ó parí nìyẹn, ọwọ́ mi ò ní kan bírò mọ́ títí di ọ̀la. Inú mi ń dùn, ó ń dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí láfún.

Láfún ni mo wí o, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ táwọn èèyàn ń rò jẹ. Lọ́dọ̀ àwa aláró, kì í ṣe oúnjẹ nìkan. A máa ń sè é títí á fi ki bí ẹ̀kọ, a ó wá fi ìyẹ́ adìẹ yà á sórí aṣọ funfun: ewé, ẹyẹ, alángbá, ohun tó bá ṣáà ti wù wá. Tó bá gbẹ, a ó ki aṣọ bọ aró. Ibi tí láfún bá wà, aró ò ní ráyè wọ ibẹ̀, tá a bá sì wá ha láfún yẹn kúrò, ewé àti ẹyẹ á jáde ní funfun. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ là ń pè é. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí láfún yẹn ló tú mi fó.

Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, mọ́mì mi ní mi ò lè jókòó sílé kí n máa tẹ fóònù. Àwa méjì péré la wà nílé, yàrá kan àti pálọ̀ ní Láfẹ́nwá. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà. Wọ́n á ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ láti lọ wọkọ̀ ní Kútọ̀, ìgbà tí wọ́n bá fi máa padà dé, ilẹ̀ ti ṣú. Ṣé ẹ rí i? Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, abẹ́ iná la ti máa ń rí ara wa, tí kò bá sí iná, abẹ́ tọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n mú mi lọ bá ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ nítòsí Ìtòkú pé kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́.

Háà, ọ̀gá mi yìí! Ìyá la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lọ Mẹ́kà, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọwọ́ wọn dúdú fún aró títí dé ìgúnpá, kò sí ọṣẹ tó lè bó o. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá ti sọ gbólóhùn mẹ́ta láàárọ̀, ó di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ojú wọn! Wọ́n lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún kí wọ́n kàn wo aṣọ orí okùn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n ní, "Èyí tó ṣìkẹta yẹn, ẹ ò rẹ ẹ́ tó." Tá a bá lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Àwa méjì là ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìkejì mi fi ọdún kan jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lẹ́nu bí i rédíò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ ló ti mú mi yí ká, ó fi dúrọ́ọ̀mù aró hàn mí, ó fi sódà tó ń jó ọwọ́ hàn mí, ó fi ìyẹ̀fun funfun kan tí òórùn ẹ̀ ń gún imú hàn mí. Ó wá ní, "Gbọ́ o. Aboyún kì í dé ìdí aró níbí. Aró á kú, kò ní mú aṣọ mọ́. Ọmọbìnrin kan wà níbí kí n tó dé, ó lóyún, Ìyá ní kó kúrò nídìí aró. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n rí i mọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ló kàn mí?

Ìdí aró yẹn ni mo wá fẹ́ràn jù. Aṣọ á wọlé ní funfun, tó bá jáde á dà bí ewé, kó o tó ṣẹ́jú, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, ó ti di búlúù lójú ẹ. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó, ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo. Ìkejì mi á ní, "Ṣé o ò rí i lánàá ni?"

Ó wá ku oṣù méje kí n gba fìríìdọ́ọ̀mù, nǹkan oṣù mi ò dé.

Ọmọkùnrin kan wà ní Papalanto, mẹkáníìkì ni, ó máa ń tún àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ǹtì ṣe. A ti ń fẹ́ra wa tó ọdún kan àtààbọ̀. Mo lọ ra tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń wo oyún ní Kútọ̀, torí ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa mọ mọ́mì mi, á ti sọ fún wọn kí n tó délé. Ilà méjì ló yọ. Mo gbọ̀n ọ́n bóyá ọ̀kan á lọ. Kò lọ.

Ọjọ́ yẹn gan-an lọmọkùnrin náà wọkọ̀ wá, epo ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ bá mọ́mì ẹ. Màá dọ̀bálẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gbá mi létí, etí mi rèé."

Mo ní, "Tó o bá débẹ̀, èmi àti ẹ ti parí."

"Ta ló wá máa jẹ́ bàbá ọmọ?"

Mo ní kó dákẹ́ jọ̀ọ́. Ó dákẹ́ fún mọ́mì mi, kò dákẹ́ fún mi. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí: "Ṣé o ti sọ? O ò tíì sọ?"

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Mọ́mì mi ò fẹ́ ọkọ míì, wọ́n ń jẹ eruku ojú ọ̀nà Èkó lójoojúmọ́ nítorí mi, gbogbo ẹni tó bá jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀ ló ti gbọ́ pé ọmọ wọn ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ, ó máa gba fìríìdọ́ọ̀mù láìpẹ́, ó máa ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Tí Ìyá bá wá gbọ́, wọ́n á lé mi bí wọ́n ṣe lé ọmọbìnrin yẹn, kí ni mọ́mì á wá máa sọ nínú ọkọ̀? Mo pinnu pé màá fi oyún yẹn pa mọ́ títí màá fi gba fìríìdọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni, oṣù méje! Mi ò tiẹ̀ jókòó ṣírò ẹ̀ dáadáa pé ikùn ò ní dúró dè mí.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa fura, ìdí aró yẹn gan-an ni mo wá rọ̀ mọ́. Kí ìkejì mi tó dìde, mo ti dé ibẹ̀. Èmi ni mò ń da sódà, èmi ni mò ń rò ó, òórùn yẹn á gún mi nímú, màá sáré lọ bì lẹ́yìn táǹkì omi, màá nu ẹnu, màá padà wá. Mo ń de ìró mi sókè lábẹ́ àyà, mo ní ooru ló ń mú mi. Nílé, abẹ́ iná ni mọ́mì ti ń rí mi, tó bá di Sọ́ńdè, gáùn ńlá ni mò ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àmọ́ láfún o! Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀. Mo kàn kọjá lẹ́bàá àpò láfún lọ́jọ́ kan ni, òórùn ẹ̀ bá mú mi, bí òórùn òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ gbígbẹ. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu. Gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Ó dùn! Láti ọjọ́ yẹn, tí kò bá ti sí ẹni tó ń wò mí, ọwọ́ mi ti wà nínú àpò. Iyanrìn ń ró lẹ́nu mi, mò ń jẹ ẹ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìkejì mi tú àpò láfún wò, ó bá figbe ta.

"Ìyá! Eku ti jẹ láfún wa tán o! Ẹ wá wo bó ṣe gbẹ́ kòtò sí i!"

Ọ̀gá mi wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. 

Ìkejì mi ní, "Eku ńlá ni o, Ìyá. Ẹ wo ipa ìka ẹ̀ níbẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n lọ ra oògùn eku, ká pò ó mọ́ ọn. Ọ̀la la ó bá òkú ẹ̀."

"Rárá!"

Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. Kò tíì yé mi pé mo ti lanu, ohùn mi ti gba gbogbo àgbàlá. Ìkejì mi yíjú sí mi. "Kí ló kàn ẹ́? Ṣé mọ̀lẹ́bí ẹ ni eku ni?"

Ọ̀gá mi náà wò mí. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ìró mi, wọ́n wo ọwọ́ mi. Láfún wà ní èékánná mi. Wọ́n ní, "Ẹ fi eku yẹn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi oògùn sí nǹkan kan nínú ilé yìí." Wọ́n bá wọlé lọ.

 Mo ní wọ́n ti mọ̀ pé èmi ni mò ń jí láfún jẹ. Oyún ò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi rárá, olè ni mò ń rò.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ọwọ́ aṣọ mi sókè nídìí aró ni wọ́n pè mí. "Kúrò níbẹ̀. Látòní lọ, ẹlẹ́kọ ni wàá máa ṣe. Lábẹ́ igi máńgòrò."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ yẹn ṣe dùn mí tó. Lóde òní, àbẹ́là tí wọ́n yọ́ làwọn èèyàn ń fi ṣiṣẹ́, wọ́n á fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ pá pá pá, aṣọ mẹ́wàá lójúmọ́. Ẹlẹ́kọ, aṣọ kan lè gbà ẹ́ lọ́sẹ̀ kan. Iṣẹ́ àwọn ìyá àgbà ni. Ọ̀gá mi nìkan ló ń ṣe é, tí ẹnì kan bá bẹ̀ wọ́n. Ìkejì mi kúnlẹ̀ síwájú mi. "Ẹ kú àgbà o, Màmá. Ṣé ká lọ bá yín wá gíláàsì ojú?" Mo fẹ́ sunkún, mo tún fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Àga tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún mi, àga tí wọ́n fi ń kírun ni, èyí tó ní ẹ̀yìn. Ibẹ̀ tutù. Òórùn aró ò dé ibẹ̀. Ẹ wò ó bí mo ṣe yòpè tó: mo rí gbogbo ẹ̀, mo ṣì ń pè é ní ìyà!

Mo bá ní tí wọ́n bá fẹ́ fi lé mi lọ, wọn ò ní rí àbùkù nínú iṣẹ́ mi. Mo fi gbogbo ara yà á. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹyẹ mi dà bí bàtà. Ọ̀gá mi dúró sẹ́yìn mi, wọ́n gba ìyẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan péré, ẹyẹ ti fò. "Má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èémí ni kó o fi fà á." Wọ́n lọ. Mo wo ẹyẹ yẹn títí. Obìnrin yìí ò lọ ilé ìwé ọjọ́ kan ṣoṣo o!

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn. Mo dé láàárọ̀, mo bá abọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, wọ́n fi àwo dé e. Mo ṣí i. Láfún ni. Láfún funfun kíníkíní tí wọ́n jọ̀, ẹ̀pà yíyan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n tún bó ọsàn kan síbẹ̀. Mo gbójú sókè, ọ̀gá mi ló dúró síbẹ̀.

Wọ́n ní, "Iyanrìn wà nínú èyí tó wà nínú àpò yẹn. Kì í ṣe fún ẹnu ẹni méjì."

Ẹni méjì!  Ẹkún bẹ̀rẹ̀, omi ojú àti ti imú, gbogbo ẹ̀ ń dà.

"Má sunkún sórí aṣọ," ni wọ́n wí. "Ẹ̀kọ àná ò tíì gbẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ wọn mú. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń lé èèyàn?"

Mo sọ fún wọn nípa ọmọbìnrin tí wọ́n lé, pé aró á kú. Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. "Ta lo rò pé ó ń ta aṣọ funfun fún wa nínú ọjà?"

Obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù tó kún fọ́fọ́ ní Ìtòkú, tí mo máa ń lọ ra aṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀! Òun ni ọmọbìnrin náà! Kò sẹ́ni tó lé e. Wọ́n gbé e kúrò nídìí aró ni, wọ́n ní kó máa jókòó ti ọjà, ó sì mọ ọjà tà ju bó ṣe mọ aró rẹ lọ, kò padà wá mọ́. Àwa tá a dé lẹ́yìn ẹ̀ la sọ ọ́ di ìtàn ẹni tí wọ́n lé.

"Àwọn ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ní aró á kú," ni wọ́n wí. "Èmi ti fi ọwọ́ mi ro aró nígbà tí mo lóyún àkọ́kọ́. Aró ò kú."  Wọ́n fi ọwọ́ dúdú wọn gbá àwọn iyanrìn kúrò lórúnkún mi. "Kì í ṣe aró ni wọ́n ń ṣọ́." Mi ò bi wọ́n bí oyún àkọ́kọ́ yẹn ṣe parí.

Wọ́n wá ní, "Mọ́mì ẹ ńkọ́?"

"Wọn ò mọ̀, Ìyá. Ẹ bá mi sọ ọ́."

"Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́. Ẹnu ẹ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Àmọ́ o ò ní dá dúró."

Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá ní láti lọ ilé ìwòsàn, wọ́n á pariwo kí ìkejì mi lè gbọ́: "Lọ bá mi wá ìyẹ́ adìẹ!" Ìkejì mi ní, "Ìyá, ìyẹ́ tá a ní ti tó fi ṣe tìmùtìmù o." 

Sátidé kan, wọ́n ránṣẹ́ sí mọ́mì mi pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Mọ́mì wọ bàtà tuntun wá. Oòrùn ń ràn gan-an, ọ̀sán gangan ni. Mo gbé ìyẹ́ sílẹ̀, mo dìde lórí àga, mi ò de ìró mi sókè lọ́jọ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo lóyún. Ó ti pé oṣù márùn-ún."

Wọ́n wò mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n ń pariwo tí àwọn aládùúgbò fi ń yọjú. "Nínú ilé mi? Yàrá kan náà là ń sùn! Oṣù márùn-ún!" Wọ́n yíjú sí ọ̀gá mi. "Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀?"

"Mo mọ̀," ni ọ̀gá mi wí. Wọ́n ti gbé àga àti omi tútù wá. "Mo kàn gbé e kúrò nídìí sódà ni. Èyí tó kù, tiyín ni, mi ò fọwọ́ kàn án."

Mọ́mì jókòó. Wọn ò mu omi. Ohùn wọn wá lọ sílẹ̀. "Abẹ́ iná ni mo ti ń rí ọmọ mi," ni wọ́n wí, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ ẹ̀ rí i, Ìyá? Mi ò rí i nínú oòrùn láti ìgbà wo?" Mo rò pé èmi ni wọ́n máa bínú sí títí, ara wọn ni wọ́n ń bínú sí, ìyẹn ló dùn mí jù. Ọ̀gá mi ò ní kí wọ́n má sunkún. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Nígbà tó ṣe, mọ́mì gbójú sókè wo aṣọ tí mò ń yà. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí i. "Ìwọ lo ya ẹyẹ yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó ń fò." Wọ́n nu ojú. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn mi, wọ́n fi síbẹ̀. "Kí ló ń wù ẹ́ jẹ?"

"Láfún ni, mà. Gbígbẹ."

"Láfún gbígbẹ!" Ẹ̀rín bá já mọ́ wọn lẹ́nu. "Ìwọ náà! Èmi, nígbà oyún ẹ, ògiri ilé ìyá bàbá ẹ ni mò ń gbẹ́ jẹ. Wọ́n ní òjò ló ń wó ilé!"

Láti ìdí aró lọ́hùn-ún la ti gbọ́ ìkejì mi. Igi tó fi ń ro aró bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Áà! Áàà! Ìwọ ni eku yẹn!"

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, mọ́mì rẹ́rìn-ín, èmi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ inú mi fi yí padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin Papalanto wá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, òun àtàwọn ẹbí ẹ̀. Mọ́mì ò gbá a létí. Wọ́n ní kó lọ fọ epo ọwọ́ ẹ̀ ná.

Mo gba fìríìdọ́ọ̀mù pẹ̀lú ikùn lẹ́nu, ẹ ẹ̀ rí fọ́tò yẹn! Àwọn èèyàn ń wá mi báyìí torí ẹlẹ́kọ, torí kò sí ọ̀dọ́ míì tó ń ṣe é ládùúgbò wa. Iṣẹ́ ìyá àgbà tí mò ń sunkún lé lórí ni mo fi ń jẹun. Mọ́mì mi ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀, wọ́n ní ẹnì kan ti sùn lọ níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ́kọ́ padà dé ìdí aró. Mo gbé ọmọbìnrin mi pọ̀n, inú aṣọ ẹlẹ́yẹ yẹn náà ni; ọ̀gá mi ló fọwọ́ ara wọn rẹ ẹ́ fún mi nígbà tí mi ò lè débẹ̀. Mo fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ báyìí, wọ́n ní, "Dúró." Wọ́n tú ọmọ lẹ́yìn mi, wọ́n gbé e lọ sábẹ́ máńgòrò, lórí àga tó ní ẹ̀yìn. Ìkejì mi ń kí i, "Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ eku!" Èmi ki aṣọ bọ aró, mo fà á sókè, ó dà bí ewé, atẹ́gùn fẹ́, mo bá tún pariwo bí ẹni tí ò rí i rí.

"Alihamudu lilahi," ni ọ̀gá mi wí lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, ọwọ́ dúdú wọn wà lẹ́yìn ọmọ mi. Wọ́n wá wo aṣọ ọwọ́ mi. "O ò rẹ ẹ́ tó. Dá a padà."

Mo dá a padà.